Àwọn Olùgbọ́ Bàbá Mi

Ìjì ni gbogbo ayé ń pe bàbá mi, láti ìgbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti dá ẹgbẹ́ olórin róòkì sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún. Orúkọ náà kò nílò àlàyé. Bó bá ti fọwọ́ kan gìtá tó sì lanu, fèrèsé á máa gbọ̀n. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òun lọ wo eré wọn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni etí òun fi hó, àti pé ọjọ́ kẹrin ni òun tó gbọ́ ohun tí bàbá mi ti ń sọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, pé ó fẹ́ fi òun ṣe aya.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogójì ọdún lẹ́nu ariwo yẹn. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn kú. Ẹnì kejì kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Ó wá ku bàbá mi àti onílù wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Irin nítorí bó ṣe máa ń fẹsẹ̀ lu ìlù ńlá. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta nígbà náà. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ ṣe àwo orin tòun nìkan. Kì í ṣe ariwo, ó ní. Orin róòkì tó rọ̀ ni, tó sún mọ́ pọ́ọ̀pù, irú èyí tí ẹni tó ń fọ abọ́ lè máa bá a kọ. Ó ní láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń pariwo mọ́ àwọn èèyàn, òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kí òun tó lọ.

Ọdún méjì ló fi ṣe é, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wa. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri, ó sì máa ń bọ́ bàtà kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà wọ inú orin. Orin mẹ́wàá ló kọ. Ọ̀kan wà nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, ọ̀kan nípa àtẹ̀gùn ilé tí orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ gùn mọ́, ọ̀kan nípa ọwọ́ ìyá mi. Ìyá mi jókòó gbọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ kò ní fẹ́ èyí, àwọn tó máa fẹ́ èyí kò sì mọ̀ ọ́." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní etí ìyàwó òun kò tíì bọ̀ sípò láti ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn.

Èmi ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Ilé ọkọ mi ti tú, mo sì ti padà wá, mo ń bá alágbàfọ̀ kan ṣiṣẹ́ ní òpópónà kejì; ṣẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń lọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú bàbá mi kò gbé lẹ́tà kékeré mọ́, nítorí náà èmi ni mò ń ka gbogbo ohun tó bá wọlé lórí fóònù fún un. Ojú mi ni ó ń pè mí. Bí mo bá ti wọlé báyìí, á ní, "Ojú mi, ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni tó ń kí àgbàlagbà.

Ọjọ́ Ẹtì ni àwo náà jáde. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ó ti jókòó dè mí, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Mo ṣí fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ kọ ọ́ pé, Ìjì ti di afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Àìmọye èèyàn ló ti fi ẹ̀rín sí i. Ẹnì kejì ní kí wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ bàbá náà, kí wọ́n fún un ní ìrọ̀rí. Ẹnì kẹta béèrè ọjọ́ tí àwo gidi máa jáde. Mo ń fi ìka tì í lọ sókè, mò ń wá ẹyọ kan tí mo lè kà.

Bàbá mi ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní wọ́n ní ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

"Ó rọ̀ báwo?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ó ń wọ àwọn lára."

Ẹni tó bá ń lọ aṣọ mọ̀ pé bí ìlà tí kò tọ́ bá ti wọ ara ṣòkòtò lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ni áyọ́ọ̀nù á máa tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kejì mo fi irọ́ dá awakọ̀ ojú irin kan sílẹ̀, tó ní òun ń kọ orin àtẹ̀gùn yẹn bí òun bá ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta mo dá olùkọ́ kan sílẹ̀ tó ní orin kẹrin pa òun lẹ́kún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti dá nọ́ọ̀sì kan sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí ní òun máa ń tan àwo náà sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù òun lọ́sàn-án, àti pé bàbá arúgbó kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí i. N kò mọ ibi tí mo ti rí i. Ó kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni, ó sì pé pérépéré bí ẹni tí mo mọ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Á sọ ohun tó fẹ́ kí n dá a lóhùn, èmi á máa fìka tẹ fóònù bí ẹni tó ń kọ ọ́. Ó béèrè bóyá bàbá arúgbó yẹn ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ìdúró ni iṣẹ́ wọn. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá kọjá tí nọ́ọ̀sì kò kọ̀wé, oúnjẹ kò ní lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì á sì tún kọ̀wé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ orin kan nínú àwo náà lórí rédíò. Àwa mẹ́ta là ń lọ aṣọ lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá wa sì wà nídìí tábìlì tó ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ. Olóòtú ní orin tuntun ti Ìjì rè é, gìtá sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé bàbá mi ni. N kò sọ fún wọn rí. Bó ṣe wọ ìlà kejì, ọ̀gá wa na ọwọ́, ó yí i sí ibòmíràn, ó ní oorun ti ń kun òun tẹ́lẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má fi orin pa òun sórí àga. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ti gbọ́ pé wọ́n lo orin òun. Ó bi mí pé kí làwọn ará ibi iṣẹ́ mi sọ. Mo ní ọ̀gá mi ní kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó pinnu. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ gba gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, tó ní igba àga, fún ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ní kó mú yàrá kékeré. Ó ní kó tiẹ̀ pe àwọn ọ̀rẹ́ wá sílé, kó kọrin fún wọn ní pálọ̀. Ó dá ìyá mi lóhùn pé nọ́ọ̀sì nìkan lè kó ogún èèyàn wá. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ojú mi, ṣé wọ́n á wá?"

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Wọ́n á wá, Bàbá mi."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, Ẹlẹ́sẹ̀ Irin dé pẹ̀lú ìlù rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó kó má baà dún jù. Bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òfuurufú kan tí mo lọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ NỌ́Ọ̀SÌ gàdàgbà sórí bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga kan ní ìlà iwájú. Agogo mẹ́rin lù. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú gbọ̀ngàn náà, pẹ̀lú èmi àti ìyá mi. Ọkùnrin tí irun ti ń funfun lórí wọn ló pọ̀ jù, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tó ní àwòrán ẹgbẹ́ àtijọ́ láyà. Bàbá mi ní ká ṣì ní sùúrù díẹ̀, bóyá iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tètè bọ́. A dúró fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, á gbójú sókè.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa. N kò lè purọ́ ìyẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orin kejì ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìjì, fẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nígbà tó dé orin kẹrin, ìdajì wọn ti jáde lọ dúró sínú oòrùn. Ọkùnrin kan wá dìde, ó rìn wá síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ tí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, orin yín ni kò jẹ́ kí n bẹ́ sódò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ẹyọ kan fún wa nínú ti àtijọ́."

Bàbá mi wo Ẹlẹ́sẹ̀ Irin. Ẹlẹ́sẹ̀ Irin ká aṣọ kúrò lórí ìlù. Kí wọ́n tó dé ìdajì orin náà, gbogbo àwọn tó jáde ti sáré wọlé padà, fèrèsé ń gbọ̀n, wọ́n ń fò sókè pẹ̀lú ikùn wọn. Ó kọ mẹ́fà nínú àwọn ti àtijọ́ fún wọn. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n bá a ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwo tuntun.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, èmi àti òun la ń kó àga jọ sára ògiri. Ìyá mi àti Ẹlẹ́sẹ̀ Irin ń gbé ìlù lọ sínú ọkọ̀. Ó dé ìdí àga iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bébà náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà ya. Ó ní kí n kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì nísinsìnyí, kí n bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Mo ní, "Kò sí nọ́ọ̀sì kankan, Bàbá mi. Èmi ni."

Kò tètè yé e. Ó ní, "Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Ó jókòó sórí àga náà. Ó béèrè nípa awakọ̀ ojú irin, mo ní èmi ni. Ó béèrè nípa olùkọ́ tó sunkún, mo ní èmi náà ni. Ó béèrè ohun tí ọ̀gá mi ṣe gan-an lọ́jọ́ tí orin náà wà lórí rédíò, mo sì sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n n kò sọ ti ẹ̀rín mi.

"Ibo ló dé kó tó yí i?"

"Ìlà kejì."

Ó mi orí. "Kò tíì dé ibi tó dùn."

Ó ká bébà náà sí méjì, ó tún ká a. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti oṣù mélòó kan. Ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo rí sí i?"

Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Mo ní n kò tíì gbọ́ ọ tán. Òtítọ́ ni: mo ti ka gbogbo ohun tí ayé sọ nípa àwo náà, mo sì ti ṣe àfikún tèmi, àmọ́ kó tó di ọjọ́ náà, orin méjì péré ni mo gbọ́ nínú mẹ́wàá. Kò bínú. Ì bá bínú, ara ì bá tù mí. Ó kàn ní ká tètè kó àwọn àga yòókù, nítorí àwọn onígbọ̀ngàn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e mo ní kí n lo àkókò ìsinmi mi fi gbọ́ àwo náà. Mo jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún padà gbọ́ ọ. Orin kẹfà, èyí tó wà nípa ọwọ́ ìyá mi, wọ̀ mí lára. N kò dìde nígbà tí ọ̀gá mi pè mí. Ó jọ pé gbogbo nǹkan tí nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti awakọ̀ yẹn sọ ló rí bẹ́ẹ̀ ní ti gidi.

Bí iṣẹ́ ti parí, mo yára lọ sílé. Bàbá mi wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń tú bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé mo ti gbọ́ ọ tán, pé ó dára, pé orin kẹfà dára ju gbogbo ohun tó ti kọ láyé rẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ kọ ìlà méjì níbẹ̀ fún un. Ó ń gbọ́ mi, ó sì ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Bó ṣe máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn lójú títì nìyẹn, àwọn tí kò mọ̀ tí wọ́n kàn ń kí i. Kò pè mí ní Ojú mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Fóònù ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì, kò sì tún ní kí n ka nǹkan kan fún òun. Ní òpin ọ̀sẹ̀, òun àti Ẹlẹ́sẹ̀ Irin a máa lọ kọ àwọn orin àtijọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti pè wọ́n, àwọn èèyàn a sì máa kígbe. Ìyá mi ní lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ kì í jáde fún odidi ọjọ́ méjì.