Ta Ló Yí Pákó Maren?

Maren ti bẹ́ sómi kí Tobin tó ka ẹẹ́ta tán. Òkun gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, ariwo ayé sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó lajú nínú awò ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkìtì iyùn ló tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ rẹ̀. Òmíràn rí kíríbítí bí orí òkúta, òmíràn yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín, àwọn ẹja aláwọ̀ ìyeyè sì ń wọlé ń jáde láàárín wọn bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo ìsinmi fún. Ó kígbe ayọ̀ sínú ọ̀pá tó fi ń mí. Omi wọ ọ̀pá. Ó gbórí sókè, ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò tíì ka ẹẹ́ta," ni Tobin wí láti orí ọkọ̀.

"Kà á tán, kó o wá bá mi."

Ọjọ́ kẹta nìyí tí wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ onígbòkun Mísì Shirlene, tí wọ́n ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn, láti erékùṣù Caye Caulker lọ sí ìlú etíkun Placencia. Àwọn àlejò mẹ́wàá ni wọ́n, àpò tí olúkúlùkù gbé pọ̀n wá láti ìlú rẹ̀ sì wà ní òkìtì nínú ihò ọkọ̀, iyanrìn ti wọ gbogbo wọn. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọn yóò gúnlẹ̀ sí Placencia. Ọ̀rọ̀ ìgúnlẹ̀ yìí gan-an ló ń mú kí àyà Maren máa lù ju bí òkun ṣe ń mú un lù lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Tobin ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́, ó ní kí Maren jẹ́ káwọn ṣègbéyàwó. Maren ní òun á fún un lésì ní Placencia.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ wà, láti ìlú wọn ní Winnipeg, níbi tí òtútù ti ń mú omi inú ife dì. Tobin ló ń tọ́jú ìwé ìrìnnà àwọn méjèèjì. Tobin ló ń sọ oúnjẹ tí àwọn méjèèjì máa jẹ. Bí èèyàn bá bi Maren pé ṣé ara le, Tobin ni yóò ní, "Ara wa le." Ìfẹ́ ni, ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá wá "bẹ́ẹ̀ ni" nínú ara rẹ̀, ohùn Tobin ló fi ń gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ yìí, Alrick, ọkùnrin oníkùn ńlá tó ń se oúnjẹ ọkọ̀, kí i bó ṣe ń bu tíì fún un. "Ìyàwó oṣù kẹsàn-án, a jí bí? Tobin ti sọ fún mi pé oṣù kẹsàn-án ni ìgbéyàwó. Ọ̀kàṣà mélòó ni ká sè lọ́jọ́ náà?"

Maren rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tíì rẹ̀ ló gbé sẹ́nu.

Ní ìdí òpó ìgbòkun, pátákó kan wà tí wọ́n gbé pákó kéékèèké mẹ́wàá kọ́ sára ìṣó rẹ̀, orúkọ àlejò kọ̀ọ̀kan wà lára tirẹ̀. Ojú kan pupa, ojú kejì funfun. Ẹni tó bá fẹ́ wọ omi á yí tirẹ̀ sí pupa, bó bá gòkè padà, á yí i sí funfun. Bí gbogbo rẹ̀ bá funfun, ọkọ̀ lè ṣí. Àràárọ̀ ni Mísì Shirlene ń tún òfin yìí kà.

"Ọwọ́ ẹni la fi ń yí pákó ẹni. Ọkọ ò gbọdọ̀ yí tìyàwó, ìyàwó ò gbọdọ̀ yí tọkọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jọ máa lo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan, ìyẹn ò kàn mí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí pákó wọn, wọ́n á bẹ́ sómi.

Ó tó wákàtí kan tí Maren àti Tobin ti jọ ń wẹ̀ kiri kí Mísì Shirlene tó fọn ìkarahun ńlá tó fi ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Ìkùukùu ti ń ṣú ní ìlà-oòrùn. Tobin ṣíwájú, Maren ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì ti rí àkàsọ̀ ọkọ̀ nígbà tí nǹkan kan gòkè wá mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjàpá òkun ni, ó fẹ̀ tó tábìlì. Ó wo Maren pẹ̀lú ojú àgbàlagbà tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìkíni, ó mí, ó sì rọra padà sísàlẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan péré, ni Maren sọ fún ara rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé e. Ìjàpá náà ń já koríko abẹ́ omi jẹ bí ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Òmíràn tún wá, èyí tó kéré jù ú lọ. Maren ń léfòó lórí wọn, àyà rẹ̀ ń jó. Nígbà tó gbórí sókè láti pe Tobin wá wò ó, kò rí àkàsọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ti kéré bí igbá. Ìgbòkun rẹ̀ ń gun òpó lọ, funfun báláú.

Ó pariwo. Afẹ́fẹ́ gba ohùn rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọ̀nà ibòmíràn. Ó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lé ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kó tó rántí ọ̀rọ̀ Mísì Shirlene: "Bí ọkọ̀ bá jìnnà sí ọ, má lé e. Ọkọ̀ ò lójú ẹ̀yìn. Wá ibi tí omi ti funfun, iyanrìn ló wà níbẹ̀. Dúró síbẹ̀ ká lè rí ọ."

Ó yí ara rẹ̀ po. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ọ̀tún ni tàbí òsì ni. Ó rí ìlà kan lọ́ọ̀ọ́kán tó mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ó sì dorí kọ ọ́. Ó ń fọwọ́ wa omi, ó ń mí, ó ń fọwọ́ wa omi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wúwo nígbà tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan iyanrìn. Ó dìde dúró, omi dé ìbàdí rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù ìyeyè tó wọ̀ lé aṣọ ìwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú yípo lórí.

Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín lòun ń rín.

Ẹja kan tó fẹ̀ bí ẹní rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Òkun lọ sí iwájú, òkun lọ sí ẹ̀yìn. "Mo wà níbí," ló wí. Ó tún un sọ, ó ké e. Lẹ́yìn náà ó rọra dán ọ̀rọ̀ méjì wò lẹ́nu, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́", bí ẹni ń gbọ́ bí owó ẹyọ ṣe ń dún kó tó gbà á. Ohùn ara rẹ̀ ni méjèèjì.

Lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbòkun já wálẹ̀ gììrì. Ọkọ̀ ń yí padà.

Tobin bẹ́ sómi kí ọkọ̀ tó dúró. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú. "Mo rò pé o wà lẹ́yìn mi," ló ń wí ṣáá. "Mo rí ẹnì kan tó wọ ẹ̀wù ìyeyè bíi tìẹ lórí àkàsọ̀. Mi ò wo ojú. Mo lọ gbé kámẹ́rà mi nínú ihò ọkọ̀."

"Mo rí ìjàpá méjì," ni Maren wí.

Nígbà tí wọ́n gòkè, gbogbo èèyàn ti pagbo yí òpó ìgbòkun ká. Mísì Shirlene dúró ti pátákó. Pákó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá funfun.

"Ta ló yí pákó Maren?"

"Èmi ni, Mísì," ni Tobin dáhùn. "Ẹ má bínú. Bí mo ṣe yí tèmi ni mo bá a yí tiẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rò ó."

Mísì Shirlene wò ó títí. "Èmi náà jẹ̀bi. Olójú kì í lajú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Pákó ni mo kà, mi ò ka orí. Ká ní Alrick ò pariwo ńkọ́?"

"Abọ́ mẹ́wàá ni mo bù," ni Alrick wí. "Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Mo ní ẹnì kan ti bọ́ sómi, torí kò sí alààyè tó ń kọ ìrẹsì mi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ọkọ̀ sì gbà á. Mísì Shirlene nìkan ni kò rín. Ó na ọwọ́, ó dá pákó Maren padà sí pupa.

"Lójú tèmi, inú omi ló ṣì wà."

Ọwọ́ Tobin gbéra. Ó dé àárín ọ̀nà, ó dúró. Tobin wo ọwọ́ náà bí ẹni rí ọwọ́ àjèjì lápá ara rẹ̀, ó sì kó o sábíyá. Maren fi ìka tútù yí pákó rẹ̀. Ó dún kọ́ lára pátákó.

Òjò gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, kò bá wọn. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ kún ìgbòkun, ọkọ̀ ń sáré bí ẹṣin, omi ń ta sí wọn lójú, àwọn àlejò sì ń hó yèè ní gbogbo ìgbà tó bá fò. Òrùlé Placencia ti ń yọ láàárín igi àgbọn. Alrick gbé abọ́ tó ṣẹ́ kù wá, ìrẹsì àti ẹ̀wà olómi àgbọn, adìẹ pupa lórí rẹ̀.

"Gbà, ìyàwó oṣù kẹsàn-án. Ẹ ò tíì sọ iye ọ̀kàṣà fún mi."

Maren la ẹnu. Tobin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kò tíì dá mi lóhùn, Alrick. Mo yánu sọ tẹ́lẹ̀ ni."

Alrick wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì wábi gbà lọ sídìí ìkòkò rẹ̀. Tobin kò wo Maren. Ó ń wo èbúté tó ń bọ̀, ó mú orúnkún rẹ̀ méjèèjì dání, ó ń dúró de èsì.

Maren jẹ oúnjẹ kan, ó jẹ èkejì. Kò kánjú. Èsì náà wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ òkun, ó ti wà níbẹ̀ láti orí iyanrìn, ohùn rẹ̀ ni.