Ìborí Àwọ̀ Ewé Létí Odò ní Keran

Ọdún mẹ́fà ni Rehana ti ń sá ìborí àwọ̀ ewé sórí àpáta, kí Mudasir, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó wà lódìkejì odò tí í ṣe ààlà orílẹ̀-èdè méjì, lè mọ̀ pé òun ṣì ń dúró dè é.

Lónìí, tó ku ọ̀la kí wọ́n ta àsíá ọjọ́ òmìnira, sójà kan dé.

“Àǹtí, ẹ ká àsíá aláwọ̀ ewé àwọn tọ̀hún yẹn kúrò!”

“Àsíá kẹ̀? Ìborí ìgbéyàwó mi rèé. Bí mo bá sá aláwọ̀ ọsàn inú àsíá yín, àwọn tọ̀hún á ní tiyín ni.”

“Ẹ ṣáà ká a.”

Ó ká a. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹkún ò tilẹ̀ wá. Ó rí Mudasir lọ́ọ̀ọ́kán lódìkejì odò, tó ń fojú wá ìborí náà kiri. Ló bá gun àpáta, ó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì dìde títí oòrùn fi wọ̀.