Gọ́ọ̀mù Ojú Ọgbẹ́

Láti ìgbà tí káfíńtà kan ti ti ọsibítù dé, Ìka-Méje ni ọ̀gá rẹ̀ ń pè é. Ẹ̀rín ni ọ̀gá fi ń pè é. Káfíńtà kì í rẹ́rìn-ín. Kò gbàgbé ẹni tó da gọ́ọ̀mù igi sójú ọgbẹ́ òun, tó bu lẹ́búlẹ́bú pákó lé e, tó ní, "Ó ti tán. Gbé ayùn ẹ." Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, oró ọgbẹ́ náà wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó bá Àǹtí Tìmùtìmù, obìnrin tó ń rán tìmùtìmù àga, tó ń gbọ̀n lórí ìjókòó. Èémí rẹ̀ ń sáré.

"Bá mi wá òwú mi," ó ní.

"Àǹtí, òun ló wà lọ́wọ́ yín yìí."

"Òwú wo?"

Káfíńtà wo ọwọ́ náà. Gọ́ọ̀mù ń dán lójú ọgbẹ́ kan ní àtàǹpàkò, ọwọ́ sì ti wú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Èmi ni," ọ̀gá dáhùn. "Ibà ló ń ṣe é. Ìka-Méje, má sọ ara ẹ di dókítà o! Àga méjìlá là ń kó jáde lónìí."

"Ibà lẹ pe tèmi náà."

"Ṣé o wá kú ni?"

Káfíńtà gbé obìnrin náà lé èjìká. Ọ̀gá dí ẹnu ọ̀nà. "Tó o bá jáde, má padà wá!"

"Ẹ yà fún mi, kí n má fi ìka tó kù tì yín ṣubú."

Ní ọsibítù, wọ́n ní kó tò sórí ìlà. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè.

"Nọ́ọ̀sì! Orí ìlà yìí ni mo wà tí ìka mẹ́ta fi lọ. Ọgbẹ́ rẹ̀ ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ó ń gbọ̀n, èémí rẹ̀ ń sáré, kò sì mọ ohun tó ń sọ mọ́!"

Nọ́ọ̀sì wo obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan, ó pariwo pe dókítà.

Àǹtí kò kú. Nígbà tó padà síṣẹ́, kíá ló ń rẹ̀ ẹ́, ó sì ń gbàgbé nǹkan. Ọ̀gá fẹ́ pè é ní ọ̀lẹ. Káfíńtà, tó ti padà sídìí ayùn rẹ̀, yíjú sí i, ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Káfíńtà, má bínú," ó ní níkẹyìn.

Káfíńtà mú pákó kan. Ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: IGI NÌKAN NI GỌ́Ọ̀MÙ YÌÍ WÀ FÚN. Ó gbé e sókè ibi tí gọ́ọ̀mù wà, ó mú òòlù. Ṣùgbọ́n ìka tí ìbá fi di ìṣó mú ti lọ.

"Ọ̀gá, ẹ wá dì í mú."

Ọ̀gá dì í mú. Ó ń wo òòlù.

"Ẹ dì í dáadáa," káfíńtà ní, ó gbé òòlù sókè. "Ìka tiyín ṣì pé."