Agbá Tí Kò Ní Ihò

Sotonye ti yọ ìbòmú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ ìbòmú ní yàrá kẹta. Ohun tí Rẹ̀mí kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ó fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà dá ọ̀rọ̀ dúró sí i lẹ́nu.

"Madam, two drum no dey," ni Sotonye wí. "I don check everywhere."

Rẹ̀mí wo igun tí wọ́n to àwọn agbá oníke búlúù sí. Inú ilé tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí olóró sí ni wọ́n wà, lẹ́yìn Rumuokwurushi, níbi tí ọ̀nà kan ti yà kúrò lára títì East-West. Ó ti pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ wọn ti ń kó ẹrù wá síbẹ̀ láti oko epo: ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde láti inú kànga epo, bátìrì tó ti kú, àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú páìpù. Ilẹ̀ méjì tó léra wọn ni wọ́n ṣe sí ilé náà, kí ohun tó bá jò gba tòkè kọjá má baà dé inú iyẹ̀pẹ̀. Fáànù ńlá kan ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta wọlé, kí eruku inú má baà rí ọ̀nà jáde. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ ti ilé náà pa. Wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ún. Wọ́n ti fọ ògiri, wọ́n ti fọ ilẹ̀, wọ́n sì da omi tí wọ́n fi fọ̀ wọ́n sínú táǹkì. Lọ́la ni àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n lè bọwọ́ lùwé pé ó ti mọ́.

Agbá tó ṣófo ló kù. Òfin kan sì wà lórí agbá: kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà láìjẹ́ pé wọ́n ti fi irin ṣóńṣó lu ihò sí i lára. Àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ràn òfin yìí rárá. Ní Port Harcourt, ẹni tó bá ní agbá búlúù nílé ti ní ohun ìní. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú omi tí wọ́n bá rà sí. Bí irin bá ti wọnú ike, àwọn kan máa ń kígbe bí ẹni pé ẹran ni wọ́n gún. Wọ́n a ní ìkà ni ilé-iṣẹ́ yìí, wọ́n a ní olówó kò mọ ohun tó ń jẹ́ òǹgbẹ.

Rẹ̀mí bi í pé ta ló wọ yàrá yìí. Sotonye ní kò sí ẹlòmíì, àfi ẹ̀gbọ́n Madam, ẹni tó wá gé ilẹ̀kùn onírin.

Àlímì kì í ṣe ẹ̀gbọ́n Rẹ̀mí, kì í sì í ṣe àbúrò rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń jó irin ní Rumuibekwe. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, ẹni tó bá ti gbọ́ èdè rẹ, wọn á ní ẹbí rẹ ni, Rẹ̀mí náà ló sì mú un wá síbi iṣẹ́ náà. Ó pè é lórí fóònù. Kò gbé e. Ó tún pè. Bí fóònù náà ṣe ń dún lọ́hùn-ún ni ó rántí ohun tí Àlímì wí nígbà tó parí iṣẹ́ lánàá, tó ń fi aṣọ nu ọrùn rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ti bímọ, pé ọ̀túnla ni súná, ìsọmọlórúkọ, pé kí Mọ́mì má ṣe ṣaláì wá. Ó ní sóbò, omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń sè, ni àwọn máa fi ṣe àlejò, pé òun ti ń wá ohun tó tóbi tí àwọn máa pò ó sí.

Rẹ̀mí ju fóònù sínú àpò.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Tamunotonye, ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ṣebí wọ́n ti fọ àwọn agbá náà léraléra. Rẹ̀mí ní ike máa ń mu kẹ́míkà yẹn bí aṣọ ṣe ń mu aró, pé fífọ̀ kò lè mú un kúrò, pé ohun kíkan tó bá gbóná sì ni yóò fà á jáde. Tamunotonye jókòó padà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń wo àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lórí tábìlì.

"Lọ gbà wọ́n padà," ni ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Sọ fún un pé ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n má sọ ohun tó wà nínú wọn fún ẹnikẹ́ni, Rẹ̀mí. Ó kéré tán, títí wọ́n á fi bọwọ́ lùwé lọ́la. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá bọ́ síta, kì í ṣe èmi nìkan ló máa bá lọ. Ìkáwọ́ ìwọ náà ni ilé yẹn wà."

Rẹ̀mí ní òun ti gbọ́. Òótọ́ sì ni, ó ti gbọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Adébíyìí, ti kú, iṣẹ́ yìí ló ń gbé e dìde láràárọ̀.

Lójú ọ̀nà, ó fẹ́ gbàdúrà. Sáàmù tí wọ́n fi kọ́ wọn ní ilé-ìwé ìjọ nígbà èwe, èyí tó lè kà lójú oorun, kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú. Àwọn tírélà tò síwájú rẹ̀, wọn kò yára, wọn kò sì dúró. Ó ń pe Àlímì, fóònù ń dún, kò sí ẹni tó ń dáhùn. Ó ń rí ife. Gbogbo ohun tí ojú inú rẹ̀ ń gbé wá fún un ni ife oníke, pupa, lọ́wọ́ ènìyàn kan lẹ́yìn òmíràn.

Àgbàlá Àlímì mọ́ tónítóní. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti ta tapólì fún ọ̀la. Ọ̀kan nínú àwọn agbá búlúù náà wà lábẹ́ òjìji, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lórí. Àlímì rí Rẹ̀mí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ lè jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́. Àbí sóbò ló fà yín wá?"

"Ta ló ti mu nínú ẹ̀?"

"Kò tíì sí o. Ti àlejò ọ̀la ni." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Àfi ìyàwó mi, Kafilat, tó tọ́ ọ wò, bóyá ṣúgà ẹ̀ ti tó."

Inú yàrá ni wọ́n ti bá Kafilat, ó jókòó sórí ẹní, ó fara ti ògiri, ọmọ tuntun sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ wú. Ó ní inú ń jó òun láti ọ̀sán, pé òun rò pé inú ríro ti ìbímọ ni. Àtọ́kẹ́, ìyá Àlímì tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wẹ ọmọ, gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó jáde. Nígbà tó padà, àwo epo pupa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Rẹ̀mí kúnlẹ̀, ó sì di ọwọ́ ìyá náà mú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fún un mu."

"Epo ló ń pa oró, ọmọ mi. Epo ni mo fi tọ́ ọkọ ẹ̀ yìí dàgbà."

"Tó bá bì í, á tún jó o lọ́nà ọ̀fun. Ó lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

Àtọ́kẹ́ gbé àwo náà sílẹ̀. "Kí ló wà nínú agbá yẹn tẹ́lẹ̀?"

Ohùn Tamunotonye wà ní etí Rẹ̀mí. "Ohun tí kò dára ni, Ìyá," ni ó wí, ojú sì tì í fún ìdáhùn náà.

Níta, Àlímì ti di etí agbá mú, ó fẹ́ dà á sínú gọ́tà. Rẹ̀mí ní kó má dà á nù, nítorí kànga àdúgbò kò jìnnà sí ibẹ̀; kó bò ó, kó sì ti ilẹ̀kùn àgbàlá mọ́ ọn. Àlímì fi agbá náà sílẹ̀.

"Mo fọ̀ ọ́, Mọ́mì. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Mo ki orí bọ inú ẹ̀, kò rùn. Mo rò pé ìwà òyìnbó ni wọ́n fi ń lu ihò sí i."

Ọsibítù tí wọ́n gbé Kafilat lọ náà ni wọ́n ti gbé òkú Adébíyìí jáde. Láti ọjọ́ náà, Rẹ̀mí máa ń gba ọ̀nà mìíràn kó má baà kọjá níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní báyìí, ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, ó ń sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti Kafilat, òórùn ibẹ̀ kan náà sì pàdé rẹ̀.

Dókítà Chioma, ọmọbìnrin kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tí obìnrin náà mu. Àlímì ní sóbò ni. Dókítà mi orí. Ó ní sóbò kì í bó ènìyàn lẹ́nu. Ó ní agbá wo ni wọ́n pò ó sí, kí ló wà nínú agbá náà? Bí òun kò bá mọ̀, òun yóò kàn máa táràrà kiri bí afọ́jú ni, oògùn tó yẹ fún oró kan sì lè pa ẹni tó mu òmíràn.

Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò Rẹ̀mí. Ó mọ ẹni tó ń pè é.

Kafilat gbé ojú sókè lórí ibùsùn. "Mọ́mì," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde. "Mo ti fún ọmọ lọ́mú lẹ́yìn tí mo tọ́ ọ wò."

Rẹ̀mí wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sùn, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni pé ó ṣì ń mu.

Ó sọ orúkọ kẹ́míkà náà. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, dókítà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ bí ó ṣe ń jó ọ̀nà ọ̀fun, ó sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fún ẹni tó bá mu ún, ó sọ ilé tí agbá náà ti wá. Dókítà bèèrè pé ta ni kí òun kọ pé ó sọ ọ́.

"Rẹ̀mí Adébíyìí," ni ó wí. "Èmi ni mo ń ṣàkóso ibẹ̀."

Dókítà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré wọlé. Ilẹ̀kùn padé.

Nígbà náà ni Rẹ̀mí gbé fóònù sétí. Ó sọ fún Tamunotonye pé kó sọ fún àwọn aṣojú ìjọba pé kí wọ́n má tíì bọwọ́ lùwé lọ́la, pé kí wọ́n wá síbí dípò ilé yẹn. Tamunotonye pariwo, lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ó bi í bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe sí ara rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá," ni Rẹ̀mí wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n ti ilé yẹn. Kò tíì ṣófo."

Àtọ́kẹ́ jókòó sórí àga gígùn, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run láì gbé ohùn sókè. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní Kafilat ń mí dáadáa, pé wọ́n ń ṣọ́ ọmọ, pé kò tíì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ. Ó padà wọlé.

Rẹ̀mí yíjú sí Àlímì. "Agbá kejì dà?"

Àlímì sọ orí kodò. Ó ní òun fi tọrẹ fún Lateefah, obìnrin ará Ìlọrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Aluu. Ó ti ń ráhùn pé òun kò rí ohun tí òun lè tọ́jú omi sí. Fóònù Àlímì wà nílé, kò sì mọ nọ́ńbà obìnrin náà lórí.

Rẹ̀mí wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa jáde ní kíláàsì báyìí, ebi á ti máa pa wọ́n. Ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé Kafilat gbà wọlé, ó sì dìde.

"O mọ mọ́tò wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mọ́mì."

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, nítorí pé ojú tirẹ̀ kò ríran mọ́ fún omijé.