Ibi Tí Gìtá Ti Gbó

"Mo ní o ò ní pàlọ́ kankan níbí lónìí! Ìyàwó, ṣé etí ẹ di ni?"

"Etí mi ò di, bọ̀dá. Ẹnu yín ló ń hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń bá a jà, ní yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn àdúgbò, láàárín àga oníke tí wọ́n tò léra. Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmágàjí rẹ̀ lọ. Gìtá ọkọ rẹ̀ ló wà lọ́rùn bọ̀dá yẹn. Òkú ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ ní sàréè tó fi já a kúrò lára ògiri, ó ní òun lòun rà á, òun lòun sì ń ta á látọjọ́ yìí, òun kàn gbé e kọ́ sọ́dọ̀ olóògbé ni.

"Ọmọ rẹ̀ ló ni ín," ni aránṣọ wí. "Ọwọ́ òsì tí bàbá ẹ̀ fi ń ta á ni ọmọ yẹn náà ń lò."

"Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ lọ jókòó, bọ̀dá. Èmi ló kàn."

Kò síbi tí bọ̀dá lè sá gbà. Òfin alẹ́ àlọ́ àdúgbò wọn ni pé ẹni tó bá gbé gìtá gbọ́dọ̀ ta á sí orin gbogbo apàlọ́, bó dùn mọ́ ọn, bó bí i nínú. Nígbà tí wọ́n jáde sínú gbọ̀ngàn, oòrùn ò tíì wọ̀ tán, èèyàn ti kún dé ojú fèrèsé.

"Ẹ̀yin ará ilé, ṣé etí yín wà níbí?"

"Ó wà níbí, ẹ máa rọ́ ọ!"

"Ẹkùn kú, Ọ̀bọ bá wọ ẹ̀wù rẹ̀ jáde, ó ní tòun ni. Àwọn ẹranko ń kí i: ẹ̀wù á gbó mọ́ ọ lára o! Aránṣọ inú igbó ní, 'Ẹ dúró ná. Ó ti gbó tẹ́lẹ̀ kẹ̀!'" Ó gbé orin àlọ́ tí gbogbo wọn mọ̀: "Níbo lẹ̀wù ti gbó?"

"Ibi tọ́wọ́ Ọ̀bọ ò dé!"

"Òótọ́ ni!" ni onítáyà kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ibi tí táyà ti gbó pàápàá máa ń sọ ẹni tó ń wa ọkọ̀!"

Bọ̀dá ń fọwọ́ ọ̀tún ta gìtá, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Aránṣọ rìn lọ bá a.

"Ẹni tó bá ń fọwọ́ ọ̀tún ta gìtá, ìsàlẹ̀ okùn ni èékánná rẹ̀ ti ń họ igi. Ẹ wo tibí, ó ń dán bí àwo tuntun. Àmọ́ ọkọ mi ọlọ́wọ́ òsì, ṣe ló ń yí gìtá dà, tí òkè ẹ̀ á di ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá wá dá a padà sọ́wọ́ ọ̀tún, òkè okùn ni ojú ìhọra ẹ̀ máa bọ́ sí. Okùn lẹ rí tún tò, bọ̀dá, ẹ ò rí igi tún gbẹ́. Níbo ló ti gbó?"

"Ibi tọ́wọ́ Ọ̀bọ ò dé!"

Wọ́n ti dìde, wọ́n ń na ọrùn. Bọ̀dá fa gìtá mọ́ àyà, ó sì sáré fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo òkè okùn. Gìtá dákẹ́ lójijì.

"Bọ̀dá," ni aránṣọ wí, "kí lẹ fọwọ́ bò yẹn?"