Adé Tó Bo Ojú

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: Akínwándé ò ṣe ọba rí, ì báà jẹ́ nínú fíìmù, ì báà jẹ́ lójú àlá. Àmọ́ ẹ má wí i sókè ní Ìjòkó o. Láti ẹnu ọlọ́kadà dé ẹnu alága àwọn onílé, Kábíyèsí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òun náà a sì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yọ ara wọn lẹ́nu.

Ọdún 1982 ni wọ́n ya fíìmù náà, fíìmù orin àti ẹ̀fẹ̀. Ààfin sú ọba kan, ló bá gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Jìnnìjìnnì bo àwọn ìjòyè, wọ́n wá ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n dé e ládé. Ìlẹ̀kẹ̀ adé bo ojú, ta ni yóò mọ̀? Ìgbà tí ọba gidi padà dé, aládé méjì ló jókòó ní ààfin kan ṣoṣo, títí ìyá ọba fi ká ìlẹ̀kẹ̀ ojú wọn sókè níkọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí òun bí. Ọ̀gá ẹgbẹ́ eré ló ṣe ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Adéfẹ́mi kan, tó ti di ará ọ̀run báyìí, ló ṣe ọba. Akínwándé, ọmọ ọdún méjìlélógún, ló gbé agboòrùn lé ọba lórí.

"Ìwọ," ọ̀gá eré sọ fún un lọ́jọ́ kìíní, "má wo kámẹ́rà, má rẹ́rìn-ín, má wúkọ́. Agboòrùn la fẹ́ rí. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

Akínwándé gbà á gbọ́. Ó ku ìran tó kẹ́yìn tí wọ́n máa yà nígbà tí ilé-iṣẹ́ irin kan ní Sàngó Ọ̀tà pè é síṣẹ́. Ó gbé agboòrùn jù sílẹ̀, ó lọ. Kò tilẹ̀ wo fíìmù náà rí, nítorí lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e wá sí Ọ̀tà, ìdí iná irin ló wà. Kò pẹ́ tí fíìmù fi sọnù. Àwọn tó wò ó ò rántí ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, orin ọba nìkan ló sì ṣẹ́kù lórí rédíò.

Orin yẹn ló bí irọ́. Akínwándé fẹ́ràn Àdìzát, ọmọ Alhaji Jìbírílù, télọ̀ kan láàárín ìlú Ọ̀tà. Alhaji ní òun ò bímọ fún agbérin. Ṣùgbọ́n tí orin ọba bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, Alhaji kan náà á gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, á dijú. Lọ́jọ́ kan Akínwándé wò ó, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Bàbá, èmi ni ọba yẹn."

"Ìwọ?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ló bo ojú mi."

"Ó dáa, kọ ọ́ ká gbọ́."

"Hà, Bàbá, èéfín irin ti ba ohùn mi jẹ́."

Alhaji káàánú ohùn tó bàjẹ́ náà, ó fi ọmọ fún un. Láti ọjọ́ náà, ogójì ọdún, bí Àdìzát bá jí láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Kábíyèsí mi, ẹ káàárọ̀." Ó mọ̀ pé eré ni, ó sì tún mọ̀ pé kì í ṣe eré. Nínú ohun gbogbo tí Akínwándé ní, ilé, àwọn ọmọ, kànga tí kì í gbẹ, kò sí èyí tó tó bí obìnrin yìí ṣe máa ń wo òun tó bá ń kí òun bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni Jemimah dé. Ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan nítòsí Ìyànà Ìyẹ̀sí, ibi tí wọ́n ti ń tún àwọn fíìmù àtijọ́ ṣe. Ó kúnlẹ̀ kí wọn tán, ó ní, "Bàbá, a ti rí fíìmù yín."

Akínwándé fẹ́ gbé ife tíì sórí tábìlì. Kò bá tábìlì níbẹ̀.

"Fíìmù wo?"

"Fíìmù ọba yín ni, sà. Gbogbo Ìjòkó ló ní ẹ̀yin lẹ ṣe ọba. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó yà á ló wà látọjọ́ yìí. Róòlù méje. A máa fi hàn nínú gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin sì ni àlejò pàtàkì."

Àdìzát ti dìde, kò tilẹ̀ rí ife tó fọ́. "Alihamudulilai! Ọmọ mi, ṣé a máa rí ojú ẹ̀?"

"Ojú ta ni, mà?"

"Ojú ọkọ mi. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tó dádé."

"Ẹ máa rí i, mà."

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ìyá ọba ni Akínwándé ń rí níbi gbogbo, ọwọ́ tó kún fún ẹ̀gbà, tó ń ká ìlẹ̀kẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, tí ojú Adéfẹ́mi sì ń yọ, ojú tó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tí kò sí ilà kankan níbẹ̀. Akínwándé ní tirẹ̀, pélé mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Pélé kì í sì í hù lójú àgbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ní ibà ń ṣe òun. Àdìzát fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Orí yín tutù ju ẹja inú fíríìjì lọ. Ẹ̀yin àti ibà yín lẹ jọ ń lọ. Tí ẹ ò bá lè rìn, màá pọ̀n yín."

Lọ́jọ́rú, ó yọ́ lọ bá Jemimah ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Inú yàrá iṣẹ́ ọmọ náà ń rùn bí ọtí kíkan.

"Kí lẹ ń sè níbí?"

"Fíìmù ló ń rùn, sà. Tó bá ti ń kú lọ, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn."

Akínwándé sún mọ́ ọn. "Èyí tó ń kú lọ yìí, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni àbí ìparí?"

Jemimah wolẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá. Róòlù keje ni. Gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ibi tí ìyá ọba ti ká ìlẹ̀kẹ̀ ojú yín sókè, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́."

Akínwándé fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Jemimah rò pé ẹkún ni, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Mẹ́fà tó kù dá ṣáká, sà. Ẹ máa ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹni tó ń jó."

Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó ra ọsàn fún Àdìzát. Ó kọ orin ọba láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá, ohùn tí èéfín irin ti bà jẹ́ sì ti padà bọ̀ sípò.

Lọ́jọ́ Sátidé, Silas, alága àwọn onílé, ti ń dúró dè wọ́n níwájú gbọ̀ngàn pẹ̀lú agboòrùn pupa ràgàjì kan.

"Kábíyèsí o! Ọba kì í jáde láìsí agboòrùn!"

"Òótọ́ lẹ sọ, alága, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ ọ́n gbé." Inú Akínwándé dùn débi pé ó gba agboòrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbé e ga. Ẹ tì í síwájú díẹ̀ kó má kan adé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ rí i?"

Àdìzát bú sẹ́rìn-ín. "Ahọ́n yín, Kábíyèsí mi! Ahọ́n yín ti tún yọ."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí Akínwándé bá ti fi ọkàn sí nǹkan, ì báà jẹ́ òwú tó fẹ́ ki bọ abẹ́rẹ́, ahọ́n rẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ó fà á padà, ó dá agboòrùn padà fún Silas, ó sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àga tó ga jù níwájú ni wọ́n mú un lọ.

Wọ́n pa iná. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọba yọ lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ìlẹ̀kẹ̀ bò ó lójú bámúbámú. Gbọ̀ngàn hó yèè.

"Kábíyèsí!" Silas kígbe lẹ́yìn. "Ẹ wo ìrìn ẹsẹ̀!"

Àdìzát di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Akínwándé mi orí sí orin náà díẹ̀, bí ẹni tí àṣìṣe kékeré kan tó ṣe nígbà náà ṣì ń dùn. Kámẹ́rà wá fà sẹ́yìn kí agboòrùn lè hàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró nínú oòrùn gangan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Pélé mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì. Ó ń yí agboòrùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ahọ́n rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Àdìzát yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá awò ojú nínú báàgì, ó nù ún, ó fi sójú.

"Kábíyèsí mi," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá. "Ta nìyẹn?"

"Ó máa kọjá lọ báyìí," Akínwándé ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Silas ò pariwo mọ́ lẹ́yìn. Àárín róòlù kìíní la ṣì wà, mẹ́fà ló sì dá ṣáká. Ọba kì í jáde láìsí agboòrùn.