Ohun Tí Kókó Ń Jẹ

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún aránṣọ àti tíṣà, ibùsùn wọn sì kángun síra. Jẹjẹrẹ ọmú ló gbé àwọn méjèèjì débẹ̀. Aránṣọ ṣì ní ọmọ níléèwé. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ó ti di ìyá àgbà. Kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ti di kòríkòsùn.

Nígbà tí ìtọ́jú abẹ́rẹ́ àti ti ìtànṣán parí, dókítà ní kí tíṣà kàn máa wá fún àyẹ̀wò. Aránṣọ ní tirẹ̀ gba oògùn oníhóró tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ. Ooru á kàn ṣàdédé bò ó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Oríkèé ìka rẹ̀ le débi pé ọkọ rẹ̀ ló ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Iṣẹ́ tí mo sá fún lọ́dọ̀ ìyá mi," ni ọkọ ń wí, "òun ló tún bá mi nílé ìyàwó."

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ pe tíṣà lórí fóònù. "Mà, oògùn tiyín ńkọ́? Ṣé kì í yọ yín lẹ́nu?"

"Oògùn wo? Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Tèmi ti lọ pátápátá."

Aránṣọ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Àìsàn kan náà, dókítà kan náà. Ó ti oògùn bọ ìsàlẹ̀ àpótí, kò sì lò ó mọ́. Kò pẹ́ tí ìka rẹ̀ fi rọ̀.

Nígbà tó padà lọ fún àyẹ̀wò, kò purọ́ fún dókítà. Dókítà obìnrin náà ò bínú. Ó kàn fa àga sún mọ́ ọn.

"Mà, irú jẹjẹrẹ wo ló ṣe yín?"

"Ti ọmú ni. Apá òsì."

"Ibi tó wà nìyẹn. Irú tó jẹ́ ni mò ń bèèrè."

Aránṣọ ò mọ̀ pé irú rẹ̀ ju ọ̀kan lọ.

"Họ́mónù tí ara obìnrin ń ṣe fúnra rẹ̀ ni kókó tiyín ń jẹ," dókítà wí. "Oògùn yẹn ni kì í jẹ́ kó rí i jẹ. Bí ìyókù kan bá fara pamọ́ síbì kan, tí ẹ ò lo oògùn, ẹ ń bu oúnjẹ fún un nìyẹn."

"Ọ̀rẹ́ mi ò lò ó."

"Mi ò lè sọ ti ẹlòmíì fún yín. Ẹ ní kí wọ́n wá bi mí."

Ó pààrọ̀ oògùn náà sí òmíì tó lè ṣojúure fún ìka.

Aránṣọ gba ilé tíṣà lọ, ó rò ó fún un. Tíṣà gbé ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àṣé kì í ṣe pé tèmi fúyẹ́ ju tìẹ lọ?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Èmi náà ti rò pé mo mọ tèmi."

Ìgbà yẹn ni tíṣà jẹ́wọ́ pé òun ti pa àyẹ̀wò tì. Kí ni wọ́n tún ń wá lára ẹni tó ti sàn?

Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta títí tíṣà fi jáde.

"Tèmi ò jẹ họ́mónù. Oògùn rẹ ò ràn án rárá. Ṣíṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọ, èmi wá ń sá fún olùṣọ́." Ó jókòó. "Wọn ò rí nǹkan kan lónìí. Mo ti ń káàánú rẹ tipẹ́, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Mà."

"Kíkáàánú rẹ yẹn ń dùn mọ́ mi díẹ̀."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, tíṣà dì í mú, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ọkọ̀.